Ọ̀dà Rẹ̀ Ò Tíì Gbẹ

Dókítà ojú na ìka sókè. Ó bi àbúrò mi obìnrin pé, "Mélòó nìyí?"

Ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni mo dúró sí. Mo rọra fi ìka tẹ ẹ́ lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mẹ́ta," ló wí.

"Èyí ńkọ́?"

Mo tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹyọ kan."

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi ìdánwò joyè ni, àwa méjèèjì ì bá ti dé adé délé lọ́jọ́ náà. Àfi bí nọ́ọ̀sì kan ṣe kọjá, tí ojú mi bá a lọ. Dókítà tún ní, "Èyí ńkọ́?" Mo sáré tẹ àbúrò mi lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Mẹ́rin."

Dókítà ò na ìka kankan. Àpò ló ki ọwọ́ bọ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọkùnrin, tojú ta ni mò ń yẹ̀ wò, tìẹ àbí tiẹ̀? Bọ́ síta."

Mo bọ́ síta, mo sì gbé etí lé ilẹ̀kùn. Mo máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò bu iyọ̀ sí èyí rárá. Dókítà sọ fún màmá wa pé, "Oṣù méjì, bóyá mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní ríran mọ́. Kò sí gíláàsì, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a dúró."  Mo gbọ́ tí àga màmá wa dún.

Ojú Àwòdì ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ tó wà ní ìparí òpópónà. Èmi lè búra pé ó ti ka nọ́ńbà ara bàálù lójú ọ̀run rí.

Bí a ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi to hẹlikọ́pítà yẹn."

Páálí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tí ẹ̀gbọ́n màmá wa, awakọ̀ ẹrù, rà fún mi. Ike wẹ́wẹ́ ló wà nínú ẹ̀, tí èèyàn máa gé, tó máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tó máa kùn lọ́dà, títí á fi di hẹlikọ́pítà ogun. Ìlọ́po méjìdínláàádọ́ta rẹ̀ ni ti gidi. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni màá fi tò ó, wọn ì báà fi aṣọ dì mí lójú. Ọdún kan ti lọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò tíì gé ike kan.

"Ìyẹn?" ni mo wí. "Kó tó di ọ̀la!"

"Ẹ dúró ná. Mi ò fẹ́ ìbọn lára ẹ̀. Ẹ dí gbogbo ihò tí ìbọn ń wọ̀, kò gbọ́dọ̀ ku ẹyọ kan. Èyí tó ń gba èèyàn là ni kẹ́ ẹ ṣe fún mi. Tí omi bá ya wọ ìlú, kó máa fi okùn fa àwọn tó wà lórí òrùlé. Ẹ kùn ún láwọ̀ ọsàn, kí ẹni tó ń rì lè tètè rí i."

"Kí ló tún kù, ọ̀gá mi?"

"Kẹ́ ẹ yára. Mo fẹ́ rí i kí iná tó lọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ yá abẹ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń lọ jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́.

"Alásọdùn ti dé!" làwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń kígbe tí wọ́n bá ti rí mi.

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan," ni màá sọ. "Hẹlikọ́pítà tí mò ń tò yìí, ó lè gbé ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ ta ni?" onígbàjámọ̀ bi mí.

"Ewúrẹ́ yín tó ń jẹ aṣọ aláṣọ!"

A máa rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Tí mo bá délé, àbúrò mi á ti máa dúró.

"Ibo lẹ bá iṣẹ́ dé?"

"Mo ti lẹ abẹ́bẹ̀ orí ẹ̀. Mo ti fi pọ́tì dí àwọn ihò ìbọn, mo sì ti fi sáńpépà họ ọ́. Ó ń dán bí orí onígbàjámọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé e wá kí n wò ó."

"Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo wí lọ́jọ́ kejì àti lọ́sẹ̀ kejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú odò lẹ ti ń kùn ún ni?"

Màmá wa gbọ́ láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ. "Ẹnu dùn-ún ròfọ́," ni wọ́n wí. "Ìgbà ò lọ bí òréré o, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn."

"Màmá, ó ti fẹ́ẹ̀ tán." Páálí ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Láti ìgbà tí àbúrò mi ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún ló ti ń bá màmá wa ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sidé kan, nígbà tí oṣù kejì fẹ́ẹ̀ pé, wọ́n pè é. Ó fi ètè pọ́n òwú, ó kì í, òwú yà sọ́tùn-ún. Ó tún kì í, ó yà sósì. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, abẹ́rẹ́ yín yìí ò lójú."

"Ó lójú, ọmọ mi," màmá wa wí. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà, wọ́n sì yíjú sí ògiri.

Mo sá wọ yàrá. Mo fa páálí jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́. Mo gé ike, mo gé ìka mi mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù lẹ àtàǹpàkò mi mọ́ tábìlì. Mo lẹ abẹ́bẹ̀ orí ẹ̀ sódì, mo yọ ọ́, ẹyọ kan ṣẹ́. Mo fi òwú màmá wa ṣe okùn, mo so èèyàn kékeré kan mọ́ ọn. Ó wá ku ihò mẹ́rin lábẹ́ apá hẹlikọ́pítà náà, níbi tí ìbọn ń wọ̀. Pọ́tì ń fẹ́ odidi ọjọ́ kan kó tó gbẹ. Mo ní, ta ló máa yẹ abẹ́ wò? Mo fi ọ̀dà kùn ún bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé e wọlé bí ẹni gbé ọba.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àbúrò mi jókòó sí. "Ṣé ó láwọ̀ ọsàn?"

"Oòrùn gan-an ń jowú ẹ̀."

"Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ kí n rí i."

Mo gbé e sí iwájú ẹ̀ lójú fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, síbi ìmọ́lẹ̀, mo ní."

 Mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Ìka ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára ẹ̀. Ó kan abẹ́bẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn, ó fa okùn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó kan èèyàn kékeré yẹn. Ìka ẹ̀ wá dé abẹ́ apá. Ó dúró.

"Kí ni ihò yìí?"

"Ihò atẹ́gùn ni."

Ó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tún wọn kà. "Ẹ sọ pé ẹ ti dí i. Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ogun ṣì ni."

Ó gbé e padà fún mi. Ó fi ìka kan ìka, ó mọ̀ pé wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra. Àwọ̀ ọsàn ti kún gbogbo ọwọ́ ẹ̀, kò sì rí i.

"Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ," ló wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa jẹ́ òótọ́.

Mo ti wá fi pọ́tì dí àwọn ihò náà. Ọjọ́ kan péré ló gbà. Àmì ìka àbúrò mi ṣì wà nínú ọ̀dà náà. Mi ò jẹ́ kùn ún mọ́. Èmi ni mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún màmá wa báyìí, mi ò sì kì í sọ̀rọ̀ tí mo bá ń ṣe é. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá ṣèlérí fún èèyàn, ẹ ṣe é nígbà tí ojú ẹ̀ ṣì lè rí i. Ẹnu lè sọ èèrà derin, ṣùgbọ́n kò lè lẹ ike kan mọ́ èkejì, kò sì lè dá ọjọ́ kan ṣoṣo padà.

Lánàá, ó pè mí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ ọsàn, báwo ló ṣe rí gan-an? Mo ti ń gbàgbé ẹ̀."

Èmi Alásọdùn la ẹnu. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.