Ọwọ́ Òsì Táyé

Àkàrà méjì ni Ìyá Ìbejì fi ewé wé wá sí pápá eré ní Moniya, bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fún Táyé ní ọ̀kan. Wọ́n gbé èkejì sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ewúrẹ́ kan wá gbóòórùn rẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn láì fẹnu kàn án. Ewúrẹ́ tí mo mọ̀ kì í kọ àkàrà.

Ọdún kejì òmìnira ni. Ọyẹ́ tó ṣáájú ni Kẹ́hìndé lọ. A kì í sọ pé ìbejì kú. Ọjà la máa ń ní ó lọ.

Kí ìdíje àwọn ilé ìwé tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìbejì wá bá àwa ọmọbìnrin tí a fẹ́ kọrin, tí a fẹ́ jó, láti fi kì àwọn asáré wa láyà. Gbọ́njúbọ́lá ni aṣáájú wa. Tí ọmọ yẹn bá la ẹnu ní Moniya, ará Alákìá á gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi," wọ́n rọra sọ. "Orin tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má ṣáà ki ìbejì fún Táyé. Oríkì ìbejì kì í pe ẹnì kan ṣoṣo."

"A ti gbọ́, mà."

Eré ìje tí àwọn asáré ti ń gbé ọ̀pá fún ara wọn ló kẹ́yìn, Táyé ló sì máa sá ìparí rẹ̀. Ilé ìwé wa kò gba ife-ẹ̀yẹ rí. Nígbà tí ọ̀pá fi máa kan Táyé, a ti wà lẹ́yìn pátápátá. A pàtẹ́wọ́, a ju ewé, a kọrin títí ohùn fi há, pàbó ló já sí. Ara ta Gbọ́njúbọ́lá. Oríkì ló kù tó lè gbé ọmọ Yorùbá dìde, ó sì gbàgbé ìkìlọ̀. Ó ki ìbejì látòkè délẹ̀. Ó pe Táyé, ó pe Kẹ́hìndé.

Eruku sọ níbi tí wọ́n ti ń yípo. Mo rí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ tó ju ti ọmọ kan lọ. Atẹ́gùn tútù bí ti ọyẹ́ fẹ́ kọjá lára wa nínú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Táyé nìkan ló jáde, ó sì ti ṣíwájú gbogbo wọn. Inú wa dùn débi pé a ń yí nílẹ̀.

Táyé rìn lọ bá olùkọ́ wa, Tíṣà Jacob, nítòsí ibi tí Ìyá Ìbejì jókòó sí, ó sì na ọ̀pá sí tíṣà.

"Ọwọ́ òsì?" Tíṣà Jacob jágbe. "Èmi lo ń fi ọwọ́ òsì fún ní nǹkan?"

Táyé kì í lo ọwọ́ òsì. Kẹ́hìndé lọlọ́wọ́ òsì, gbogbo pàṣán ilé ìwé kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ sínú eruku, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà mú. Ohùn wọn kò ròkè, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà.

"Táyé dà?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ òsì mú àkàrà orí koríko, ó gé e jẹ.

"Mo rán an níṣẹ́ ni, Ìyá. Ó ti lọ ṣáájú."

Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sunkún. Ta ni kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló máa ń rán Táyé ṣáájú? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wáyé. Ìyá Ìbejì dì mọ́ ọmọ tó kù wọ́n lọ́wọ́, "Bísímílláhì" ni wọ́n ń wí ṣáá. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ohùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́:

"Dìde, ká máa lọlé, Táyé mi."

Orúkọ yẹn la fi ń pè é títí tó fi lọ sílé ọkọ. Ìyá Ìbejì kò sì yéé ra nǹkan ní méjì méjì. N kò bi wọ́n léèrè ọmọ tí wọ́n ń ra èkejì fún rí.