Ohùn Inú Etí Fermín

“Dìde,” ni ohùn obìnrin kan wí sí etí Fermín Olvera. Fermín bá pariwo mọ́ ìyá tó ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì pé, “Dìde!”

Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ya eré bú sẹ́rìn-ín.

Wọn kì í kọ́ ọ̀rọ̀ sórí níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó sínú yàrá onígíláàsì lókè, ó ń ka ìwé eré sí etí òṣèré nínú ẹ̀rọ kékeré kan. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, kí o sọ ọ́. Èyí tó bá jẹ́ ìṣe, kí o ṣe é. Fermín kò tíì mọ ìyàtọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní rẹ̀ nìyí.

“Ọ̀dọ́kùnrin.” Don Evaristo, olùdarí eré, kò gbé ohùn sókè. “Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, wàá wọ bọ́ọ̀sì padà sí Puebla.”

Òógùn bo Fermín. Ó ti búra fún àwọn ará ilé pé òun kò ní padà.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà rọ̀ wọ̀ọ̀: “Má bẹ̀rù. Mo wà pẹ̀lú ẹ títí dópin.”

Fermín di ọwọ́ ìyá náà mú. “Má bẹ̀rù. Mo wà pẹ̀lú ẹ títí dópin.”

Doña Amparo, àgbà òṣèré tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, sunkún. Kì í ṣe ẹkún eré.

Don Evaristo ṣí ìwé wò. “Ọ̀rọ̀ yìí kò sí níbí. Ẹni tó bá fi ti ara rẹ̀ kún un, ilé ló ń lọ. Ta ni?”

“Èmi ni, ọ̀gá,” ni Fermín wí.

“Kó ẹrù ẹ.”

Ilẹ̀kùn òkè ṣí. Ọmọbìnrin tín-ínrín kan sọ̀ kalẹ̀. Leocadia ni, ẹni tó ń ka ìwé eré. Fermín kò rí i rí, ṣùgbọ́n bó ṣe lanu ló mọ ohùn rẹ̀.

“Irọ́ ló ń pa, ọ̀gá. Èmi ni. Ẹ lé mi.”

“Evaristo,” Doña Amparo kò tilẹ̀ dìde, “tó o bá lé ọ̀kan nínú wọn, lọ wá ẹlòmíì tó máa kú fún ẹ.”

Don Evaristo wo aago. “Ẹ padà sáàyè yín.”

Lọ́sàn-án, Leocadia bá Fermín níta. “Òmùgọ̀. Ta ló ní kó o parọ́ torí mi?”

“Ta ló ní kó o wà pẹ̀lú mi?”

“Mo rí i bí òógùn ṣe bò ẹ́.”

“Títí dópin ńkọ́?”

Leocadia yíjú, kó má baà rí ẹ̀rín òun. “Jẹun, jàre.” Ó pín tamale rẹ̀, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé dì sè, sí méjì.

Lóṣù kẹwàá, wọ́n ṣègbéyàwó ní àgbàlá ìyá Leocadia. Ìkòkò ọbẹ̀ mole kan ló ṣẹ́ kù. Àwọn aládùúgbò bù ú lọ sílé.