Kò Wọ Géètì Náà

Ó ṣojú mi, ó sì ṣe etí mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ. N kò sọ ọ́ nítorí rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Èmi ni mò ń to ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìkéde òkú sórí kọ̀ǹpútà. Sìmbíátù ìyàwó mi kú, òun àti oyún inú rẹ̀. Àwọn èèyàn wá. Wọ́n ní kí n fara dà á. Wọ́n jẹ mọ́sà, wọ́n nu ẹnu, wọ́n lọ. Moshood ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ sàréè gbẹ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ obìnrin mìíràn fún mi.

N kò ráyè ìyẹn. Mò ń ṣe géèmù kan lórí kọ̀ǹpútà.

Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn kan ní Lẹ́kkí ṣètò ìdíje: kí oníkálùkù fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe géèmù, lóun nìkan, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìbànújẹ́ tó wu ojú ni wọ́n ń wá. Àwọn tí kò tíì sin òkú ológbò rí. Ìdíje wọn kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi. Gbèdéke wọn nìkan ni mo fẹ́, torí bí kò bá sí i, n kò ní parí rẹ̀ láéláé.

Géèmù náà kò le. Ìwọ ni ọkọ. Ìyàwó rẹ ń rọbí ní Ìlàjẹ létí ọ̀sà níbí. Wá kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí o gbé e dé ọsibítù. Sìmbíátù kò dé ibẹ̀ lójú ayé. Mo fẹ́ kó dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gé ohùn rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ tó máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, mo sì ń so ó pọ̀ sínú géèmù náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kú. Gbogbo Abúlé Òkúta tí mò ń gbé dákẹ́. Mo fi bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ṣí géèmù náà kí n lè wò ó dópin.

Márúwá dé géètì ọsibítù. Ohun tí mo ṣètò ni pé kó wọlé, kí nọ́ọ̀sì gbà á, kó parí.

Kò wọlé. Ó dúró. Sìmbíátù yíjú sí mi.

"Bàbá Ayọ̀tọ̀míwá," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ohùn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a kò bímọ rí. Kì í pè mí lórúkọ. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. "Ọkọ mi" ló ń pè mí, títí ọmọ tí yóò máa fi orúkọ rẹ̀ pè mí yóò fi dé.

Mo wá ọ̀rọ̀ náà nínú gbogbo ohùn tí mo gé. Kò sí níbẹ̀. Mo yọ gbogbo ohùn kúrò nínú géèmù náà. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó dé géètì. Ó dúró.

"Bàbá Ayọ̀tọ̀míwá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mo pe Mojíbọ́lá, ẹ̀gbọ́n Sìmbíátù tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ. Ó wọlé tòun ti òórùn èéfín.

"Hashim, o ti jẹun?"

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ wá gbọ́ nǹkan."

"Géèmù? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kọ́lé, ìwọ ń gbá géèmù!"

"Ẹ ṣáà gbọ́ ná."

Ó gbọ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́."

"Èmi nìkan ni Sìmbíátù sọ ọ́ fún. Ó ní kí n pa á mọ́, pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wàá gbọ́ ọ. Hashim, pa nǹkan yìí!"

"N kò ní pa á."

"Òkú ni o!"

"Àwọn alààyè ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe fún mi?"

Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò mú bàtà.

Ẹnìkan á ní kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Ọ̀mọ̀ràn. Ẹlòmíràn á ní iwin ni. Ọ̀mọ̀ràn lòun náà.

Gbèdéke ti súnmọ́. Mo lè gé ibi géètì kúrò, kí n gbé e sínú yàrá ìbímọ ní tipátipá, kí n fi ránṣẹ́. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ya ojú yẹn, n kò sì yà á bẹ́ẹ̀.

Mo yí Márúwá padà sọ́nà ilé.

N kò ya ilé kankan sínú géèmù náà. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ omi tí wọ́n ń dà sínú ọpọ́n. Lẹ́yìn náà, ọmọ kan ké. Ọmọ tuntun.

"Ẹ gbà á," ni Sìmbíátù wí. "Ọwọ́ ń ro mí."

Fóònù mi dún. Àwọn ará Lẹ́kkí ni, pé àsìkò ti kọjá. Kí ni wọ́n mọ̀ nípa àsìkò?

Mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń rìn. Mo tẹ èyí tí a fi ń ṣílẹ̀kùn. Mo tẹ gbogbo wọn. N kò ṣe èyí tí a fi ń gbé ọmọ. Kò wá sí mi lọ́kàn.

Bátìrì tán. Kọ̀ǹpútà kú. Ẹkún náà kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ gbà á," ló tún wí.

Mo na ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ náà dákẹ́.