Dísíìkì Mẹ́rin, Ẹ̀dà Kan

"Wọ́n ní ọmọbìnrin yẹn ti…"

"Èwo nínú wọn?"

"Ọmọ Ìkìrun tó máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré síwájú àwọn àgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ohùn Bàbá Adépọ̀jù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti… Ẹ jẹ́ n dákẹ́ o."

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ná, ẹ parí ẹ̀!"

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ẹni tó sọ fún mi ló ní enjinníà tó wá láti Inisa sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀ pé ọwọ́ ọmọ yẹn ló… Ẹ sì mọ̀ pé ẹbí ọkọ ò fẹ́ kí opó yẹn…"

"Háà! Ṣé wọ́n fún un ní nǹkan ni?"

"Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ìyẹn o!"

Gbogbo inú ọkọ̀ èrò kórópe bú sẹ́rìn-ín. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, Dáraolúwa gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Òun ni ọmọ Ìkìrun tí wọ́n ń sọ. Òkukù ló ń lọ, níbi tí ẹbí Bàbá Adépọ̀jù ti jókòó dè é. Ó fẹ́ sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń fetí sí ọ̀rọ̀ àgbà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu.

Ohun tó sì mú kó nira jù ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é lóòótọ́.

Lẹ́yìnkùlé Tíṣà Mákánjúọlá, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkìrun, ni yàrá kan wà tí wọ́n ń kó ohùn àwọn àgbà pamọ́ sí. Ọdún mẹ́rin ni Dáraolúwa fi ń wọ kórópe kiri Ìkìrun, Inisa àti Òkukù, tó ń jókòó ti àwọn arúgbó, tó ń gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé sí àdúgbò, ibi tí ààlà oko dé, orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ sọ́run. Bí ó bá ti kó ohùn wọn sínú kọ̀ǹpútà tán, ó máa ń nu ohùn kúrò nínú ẹ̀rọ kékeré náà kí àyè lè gba ẹlòmíràn.

Inú kọ̀ǹpútà gan-an kọ́ ni ohùn náà ń gbé. Àpótí dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dísíìkì mẹ́rin sì tò sínú rẹ̀ bí ìwé lórí pẹpẹ. Mẹ́rin ni wọ́n, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ilé ìpamọ́ ńlá kan ṣoṣo ni.

"Mẹ́rin!" Báyìí ni Tíṣà máa ń yangàn fún àlejò. "Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, mẹ́ta ṣì kù. Ìwé lè jóná, ikán lè jẹ ẹ́. Kí ló máa ṣe èyí?"

Ohùn Bàbá Adépọ̀jù wà nínú rẹ̀. Kí bàbá náà tó kú, wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ pé oko ọ̀pẹ tó wà lọ́nà Inisa, ti ìyàwó wọn ni, Àyànbùnmi, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Bùkọ́lá. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Adéjàre, àbúrò olóògbé, ní oko ẹbí ni. Àwọn àgbà dá sí i. Níwájú wọn ni Bàbá Adéjàre ti sọ pé, "Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ti tán. N ò ní bá òkú jà."

Ni wọ́n bá dá ọjọ́ tí wọn yóò jọ gbọ́ ohùn náà. Ọkàn Ìyá Bùkọ́lá balẹ̀. Ohùn ṣáà wà.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, òjò ńlá kan rọ̀. Iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Bí ó ti dé padà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú yàrá náà: kín-ín, kín-ín, kín-ín.

"Bátìrì abẹ́ tábìlì ló tún ń sunkún iná," Tíṣà wí. "Kí ni kì í ké nílùú yìí bí iná bá lọ?"

Dáraolúwa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Bátìrì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àpótí dúdú ló ń ké. Iná àwọ̀ ewé ń tàn níwájú dísíìkì mẹ́ta. Ti ẹ̀kẹta láti apá òsì ti di pupa.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, iná kan…"

"Kí ló ṣe iná?"

Ó wo ojú wọn. Àgbà tó ti kọ́ bàbá rẹ̀ níwèé ni.

"Kò sí nǹkan, sà."

Tíṣà na ọwọ́ sí ẹ̀yìn àpótí, wọ́n tẹ bọ́tìnì kan, igbe náà sì dákẹ́. "Ṣó o rí i? Ó ti tó."

Láràárọ̀ ni Dáraolúwa ń rí iná pupa yẹn. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí Tíṣà, tó ń jókòó, tó ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí ìpàdé Òkukù ku ọjọ́ mẹ́ta, ó tan kọ̀ǹpútà kó lè kó ohùn Bàbá Adépọ̀jù sórí fóònù. Iná ti ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò rí ilé ìpamọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló wà níbẹ̀ pé kò ṣeé wọ̀. Iná pupa ti di méjì.

Tíṣà ránṣẹ́ pe Titus, tó ń tún fóònù ṣe ní gáréèjì. Ó dé tòun ti yẹ̀yẹ́.

"Eruku ni! Tíṣà, ẹ̀yin àti ìwé àtijọ́ yín, ẹ ti kó eruku ọgọ́rùn-ún ọdún bá a." Ó fa dísíìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lára, fúú, fúú, ó sì tì wọ́n padà bí ọwọ́ ṣe bà wọ́n. Kò wo èyí tó wà níbo tẹ́lẹ̀.

Kọ̀ǹpútà bá béèrè ọ̀rọ̀: ṣé kí òun tún ilé ìpamọ́ náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀?

"Yẹ́ẹ̀sì ni," Titus wí. "Ẹni tára ń ro ló mọ egbòogi tó fẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ló ń bẹ̀ wá yẹn."

"Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi," ni Tíṣà wí. "Ojú tìẹ ló ríran."

Ìka Dáraolúwa dúró lókè díẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́.

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni àpótí náà fi ń kùn. Nígbà tó yá, Titus fọwọ́ gbá tábìlì. "Ó ṣí! Ṣé mi ò wí?"

Ó ṣí lóòótọ́. Ó mọ́ féfé bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Kò sí ẹyọ ohùn kan nínú rẹ̀.

Tíṣà sún mọ́ ọn, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú. "Ibo ni wọ́n wà?" wọ́n béèrè, bí ẹni tó ń wá àwọn ọmọ tó sá pamọ́. "Dáraolúwa, ibo ni wọ́n wà?"

Lọ́jọ́ kejì, Enjinníà Adéjọkẹ́ wá, obìnrin ará Inisa tó jẹ́ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Òṣogbo. Ìyá Bùkọ́lá náà wá, wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò kún ojú fèrèsé.

Enjinníà wo àpótí náà pẹ́. Ó wá béèrè pé, "Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, mà."

Èyí ni àwọn tó wà lójú fèrèsé gbọ́ tí wọ́n fi tú ká. Wọn ò dúró gbọ́ ìyókù.

Lọ́jọ́ ìpàdé, nígbà tí Dáraolúwa sọ̀ kalẹ̀ nínú kórópe ní Òkukù, ilé ti kún. Bàbá Adéjàre wà láàárín, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, bí ẹni tó fẹ́ gba àlejò.

"Ó yá, ọmọ mi," wọ́n wí. "Jẹ́ ká gbọ́ ọ."

"Kò sí mọ́, sà."

"Kí ni kò sí?"

"Ohùn Bàbá. Ṣùgbọ́n etí mi ni mo fi gbọ́ ọ, sà. Wọ́n ní oko náà, ti Ìyá Bùkọ́lá…"

"Mi ò ní mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ." Ohùn Bàbá Adéjàre ti yí padà. "Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ní mo fẹ́ gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ pé ohùn ẹ̀ wà níbì kan ni mo ti ń retí òní. Kó tiẹ̀ bú mi ni, mo fẹ́ gbọ́ ọ." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bí ọ̀pẹ ọdún yìí bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí oko padà sọ́dọ̀ ẹbí."

Àwọn àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Adéhùn ni adéhùn.

Obìnrin ilé kan bá ké láti ẹ̀yìn pé, "Ṣebí enjinníà ló ní ọmọ yìí mọ̀ọ́mọ̀ pa á rẹ́! Ẹ bi í pé èló ni wọ́n rà á!"

Ariwo sọ. Ìyá Bùkọ́lá ló dìde.

"Ẹ dákẹ́. Èmi ni oko bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí èébú bá tọ́ sí ọmọ yìí, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ bú u. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n etí mi kì í jò. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀rọ̀ fi tán. Bí Enjinníà ṣe sọ ọ́ rèé, mi ò bù mọ́ ọn, mi ò yọ níbẹ̀. Ó ní:

"'Ìka kan ló tẹ̀ ẹ́, ẹni mẹ́ta ló jọ ṣe é. Ẹ ní dísíìkì mẹ́rin, ẹ wá rò pé ẹ̀dà mẹ́rin lẹ ní. Rárá. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ rù, bí ẹni mẹ́rin ṣe ń gbé pósí. Bí ẹnì kan bá jáwọ́, mẹ́ta á fi ipá gbé e. Bí ẹnì kejì bá jáwọ́, á já lulẹ̀. Lọ́jọ́ tí àpótí yìí ń ké, ẹnì kan ló ti jáwọ́. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ pa á lẹ́nu mọ́ ni.

"'Dísíìkì kejì ò tiẹ̀ kú. Iná tó ń ṣẹ́jú ló mú un jáwọ́. Ká ní ẹ pa gbogbo ẹ̀ jẹ́jẹ́, tẹ́ ẹ dúró kí iná balẹ̀, tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tan àpótí kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, ó ṣeé ṣe kó padà dìde. Ṣùgbọ́n ẹ ti yí ipò àwọn dísíìkì padà, ẹ sì ti nu ohun tó wà nínú wọn. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè dá a padà.

"'Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹlòmíràn. Bí kọ̀ǹpútà bá ní òun ò lè wọ ilé ìpamọ́ mọ́, ẹ má sáré. Bí ó bá ní kí òun tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, rárá ni ìdáhùn, nítorí títò yẹn, nínù ni. Ẹ ya ohun tó kọ sójú ní fọ́tò. Ẹ má fa dísíìkì kankan yọ láìkọ nọ́ńbà sí i lára. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí wàhálà tó dé rárá, ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn sínú ilé mìíràn, kẹ́ ẹ sì máa ṣí i wò bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

"'Ìwọ ọmọ yìí, o sọ fún mi pé ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó o fi ń rí iná pupa. Ìwọ nìkan lo rí i. Ẹni tó bá rí iná pupa, kó sọ ọ́. Bí wọn ò bá gbọ́, kó tún un sọ, bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún tilẹ̀ dàgbà ju bàbá ẹ̀ lọ.' Ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí nìyẹn; kò sọ níbì kankan pé ọmọ yìí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."