Dókítà Tí Kò Béèrè Agbára Aláìsàn

Ní ilé ìwòsàn kan ní Tchaourou, ní orílẹ̀-èdè Benin, kò sí ẹni tí kò bẹ̀rù Dókítà Olúmidé. Ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, àga iwájú ló ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ìgbéraga ti gba ibi tó yẹ kí Kristi wà lọ́kàn rẹ̀.

Òun ni olórí àwọn tó kọ ìlànà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò máa fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn tuntun kan tó wọ́n gógó ló ní kí wọ́n máa kọ fún gbogbo aláìsàn.

Tata Fọlákẹ́, àgbà nọ́ọ̀sì tí gbogbo wọn ń pè ní Tata bí ẹni ń pe àǹtí, ní, "Dókítà, oògùn àtijọ́ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ro ti àwọn àgbẹ̀ tí yóò máa rà á lóṣooṣù."

Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Dókítà ni mí, n kì í ṣe oníṣòwò. Ẹni tí kò bá lè rà á, kó lọ jẹ ewé."

Bí ìlànà náà ṣe dúró nìyẹn.

Baba Nafiou, àgbẹ̀ oníṣu láti abúlé Sanson, ta èèbù tó yẹ kó gbìn nítorí oògùn yìí. Nígbà tí kò rí nǹkan tà mọ́, ó ń gé hóró kan sí wẹ́wẹ́ kó má baà tán. Ó padà wá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà kígbe mọ́ ọn lójú gbogbo èrò: "Àgbàyà! O ò lo oògùn! Ikú ló ń wù ọ́. Jáde!"

Ẹni tó tó bí i lọ́mọ dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Dókítà kò wò ó.

Kò pẹ́, àrùn rọpárọsẹ̀ dá baba náà dùbúlẹ̀ lóko. Ojú ti Oumou-Kalsoum ìyàwó rẹ̀ láti gbé e padà wá. Tata Fọlákẹ́ ló gbọ́, òun ló fi dandan mú Dókítà lọ sí Sanson.

Ẹnu baba ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bó ti rí Dókítà, jìnnìjìnnì mú un. Ó fi ọwọ́ òsì tó kù fún un tú abẹ́ ẹní, ó mú ẹ̀rún oògùn kan jáde, ó nà án sókè kí Dókítà lè rí i pé òun ń lò ó. Ó fi í sẹ́nu. Ó bá itọ́ dà sílẹ̀.

"Ẹ má bínú sí i," ni Oumou-Kalsoum wí. "Ẹ̀rù yín ló ń bà á."

 Olúmidé jókòó sínú eruku. "Tata, mo ti ba ayé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Kí ni kí n ṣe?"

Tata kò tù ú nínú. "Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà, ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Èmi ò lè fọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè fọ̀ ọ́. Ẹ ké pè é."

Lójú Oumou-Kalsoum, obìnrin tí òun ṣẹ̀, ni Olúmidé ti sunkún. "Jésù, ara mi ni mo ń sìn, kì í ṣe ìwọ. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ṣàánú mi."

Jésù gbọ́. Olúmidé dìde ní ẹni ọ̀tọ̀, wọ́n sì tún ìlànà náà kọ bí agbára àwọn aláìsàn ṣe mọ. Ṣùgbọ́n Baba Nafiou kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi sin ín. Olúmidé kò gbọ́ "mo dárí jì ọ́" lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní gbọ́ ọ láyé yìí.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń kà á, ta ni ìwọ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀? Má sọ pé o kì í mutí, o kì í jalè. Olúmidé náà kì í ṣe é. Ẹni tí o ṣẹ̀ lè má dúró dè ọ́; ibojì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Jésù ṣì ń gbọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o ké pè é lónìí, nígbà tí ẹnu rẹ ṣì lè sọ̀rọ̀.