Ẹni Tó Ń Dáhùn fún Ìyàwó Rẹ̀

Káfíńtà kan wà ní òpópónà wa tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ládùúgbò náà, mi ò sì rò pé n óò tún fojú kàn án mọ́, ṣùgbọ́n níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ òórùn pákó tútù, òun ni mo máa ń rántí. Wàá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kí o tó gbọ́ ayùn rẹ̀.

Agbẹnusọ là ń pè é. Bí onílé àti ayálégbé bá ń jà, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Bí ẹgbẹ́ káfíńtà bá fẹ́ bá àwọn tó ń ta pákó fa ọ̀rọ̀, òun ni í ṣíwájú. Ọkùnrin náà lè sọ̀rọ̀ títí ẹni tó jàre yóò fi máa tọrọ àforíjì.

Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Bí àlejò bá kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ara ń kọ́?” kó tó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ọkọ rẹ̀ á ti dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé: “Ara ẹ̀ le koko bí ọta!”

A máa ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà pàápàá a máa bá wa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, obìnrin náà nìkan ni í lọ sí ilé ìjọsìn. Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ kan tí í rán tìmùtìmù sórí àga tí Agbẹnusọ bá kàn. Onítìmùtìmù là ń pe ìyẹn. Onígbàgbọ́ ni, a sì máa yà lẹ́nu ọ̀nà wọn láràárọ̀ ọjọ́ náà.

“Agbẹnusọ, dìde ká lọ. Ọlọ́run ń béèrè rẹ.”

“Ṣebí ìyàwó mi ń lọ? A ti pín iṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Èmi ń bá a sọ̀rọ̀ láyé, òun ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́run. Ẹnu kan kì í wà níbi méjì.”

Onítìmùtìmù á mirí, á bá tirẹ̀ lọ.

Ó di ọdún kan, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù fún aránṣọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dín in, tó tún ń dín in. Kò bá àwọn ará ilé jẹun pọ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan tí àlejò kún ilé, òkèlè há a lọ́fun lójú gbogbo wọn. Ó ń wúkọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Agbẹnusọ bá sọ pé, “Ẹ má bínú o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyàwó mi ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé àwo rẹ̀ lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń rẹ búrẹ́dì sínú omi kó tó lè gbé e mì.

Nígbà tí ó rù débi pé àwọn oníbàárà ń sọ ọ́, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Agbẹnusọ ló ròyìn àìsàn náà fún dókítà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà wò, wọn ò rí nǹkan gúnmọ́, wọ́n bá ní kó lọ rí onímọ̀ oúnjẹ, ẹni tí í fi oúnjẹ tọ́jú aláìsàn.

Ẹ̀rù bà á. Ó rò pé ìbáwí ni wọn yóò fi pàdé òun níbẹ̀, pé wọn yóò ka gbogbo ohun tó wu òun léèwọ̀. Onítìmùtìmù ló fi í lọ́kàn balẹ̀, nítorí àtọ̀gbẹ ti gbé òun náà dé yàrá yẹn rí.

“Ìyàwó wa, kò sí ìbáwí níbẹ̀,” ó ní. “Wọn á gbé ọ gun ìwọ̀n. Wọn á fi téèpù wọn apá rẹ, bí ìwọ náà ṣe ń wọn oníbàárà. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè ló kù: kí lo ń jẹ, ìgbà wo lo ń jẹ ẹ́, ṣé ó ń lọ, ṣé inú kì í run ọ́, ṣé o ń rí oorun sùn. Kó gbogbo oògùn tí o ń lò dání. Má ṣe sọ ohun tí o rò pé wọ́n fẹ́ gbọ́. Bí o bá purọ́ fún ẹni tó fẹ́ gé aṣọ fún ọ, ṣé aṣọ náà á bá ọ mu?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń to ọ̀rọ̀ jọ sínú ara rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún ẹnì kan, nígbẹ̀yìn, pé oúnjẹ ń dúró sí òun lọ́fun, ebi sì ń pa òun.

Yàrá náà kéré, ó sì mọ́. Ìwọ̀n wà nílẹ̀, ìgò omi àti ife wà lórí tábìlì, àga méjì wà fún aláìsàn àti ẹni tó bá sìn ín wá. Agbẹnusọ ti ní òun ò lè jẹ́ kí ìyàwó òun dá lọ. Ó mi àga wò kó tó jókòó. “Ta ló kan èyí? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dọ́gba.”

Onímọ̀ oúnjẹ, ọ̀dọ́bìnrin kan tí í rọra sọ̀rọ̀, wọn aránṣọ náà tán, ó fà á jókòó.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí lẹ kọ́kọ́ máa ń jẹ tẹ́ ẹ bá jí?”

“Búrẹ́dì,” Agbẹnusọ dáhùn. “Àti ẹyin. Ẹyin méjì!”

“Màmá ni mo bi, sà.”

“Ṣé ọ̀kan kọ́ ni èmi àti ẹ̀?”

Ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún kọjú sí obìnrin náà. “Tẹ́ ẹ bá gbé oúnjẹ mì, mà, ṣé ó máa ń lọ geere?”

Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó fi kan ọrùn rẹ̀. Ó la ẹnu.

“Ó ń jẹun dáadáa!” Ọkọ rẹ̀ ti gbà á. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí kò sí nílé mi. Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa sọ níta pé Agbẹnusọ ń febi pa ìyàwó ẹ̀.”

Ọwọ́ obìnrin náà padà sórí itan rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Ohun tó ń ba Agbẹnusọ lẹ́rù nìyẹn: ohun tí ayé máa wí. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ló ń dáhùn, kò sì rí ẹni tó jókòó tì í.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ọ̀dọ́bìnrin náà ní, “Sà, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá padà wá, èmi àti màmá nìkan la fẹ́ jọ sọ̀rọ̀.”

Inú bí Agbẹnusọ títí wọ́n fi délé. “Ọmọ tí mo lè bí! Ó fẹ́ yọ mí kúrò nínú ọ̀rọ̀ ilé mi.”

Wọn ò padà lọ. Ìyàwó rẹ̀ rán an létí lẹ́ẹ̀kan. “Bàbá wọn, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa mà ti pé o.”

“Ọjọ́ kí ni? Kí la fẹ́ sọ tá ò tíì sọ?”

Obìnrin náà tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Òjò rọ̀, òjò dá. Ohùn obìnrin náà kọ́kọ́ ha, lẹ́yìn náà ó di èémí lásán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo òpópónà ṣàdédé mọ̀ pé a ò gbúròó ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Agbẹnusọ wọlé, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó forí lé aṣọ ọmọ iléèwé tó ń rán lọ́wọ́. Ó gbé e. Ọwọ́ tó ti ń gbé pákó láti kékeré mọ ìwọ̀n ohun tó gbé. Igi gbígbẹ wúwo jù ú lọ. Ó sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Onímọ̀ oúnjẹ ò bi í ní ìbéèrè lọ́tẹ̀ yìí. Ó bu omi sínú ife, ó ní kó mu ún díẹ̀. Omi náà gba imú rẹ̀ jáde.

Ọ̀dọ́bìnrin náà rọra gbé ife sílẹ̀. “Láti ìgbà wo, sà?”

Agbẹnusọ wo ìyàwó rẹ̀. Kò mọ̀.

Jẹjẹrẹ ni àwọn dókítà bá ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n ní ká ní àwọn tètè gbọ́ ni, ohun tí àwọn lè ṣe pọ̀. Ìtùnú nìkan ló kù.

Onímọ̀ oúnjẹ wá kọ́ ọkọ ní bí a ti ń bọ́ ìyàwó: kó se oúnjẹ kó rọ̀, kó lọ̀ ọ́, kó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kó gbé e jókòó dáadáa, kó máa fi ṣíbí kékeré fún un. “Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ń fún wọn, sà. Ẹ máa wo ọ̀fun wọn. Tí wọn ò bá tíì gbé ti àkọ́kọ́ mì, ẹ má fún wọn ní òmíràn.”

Bẹ́ẹ̀ ni Agbẹnusọ ṣe kọ́ láti dákẹ́.

Ọjọ́ kan, Onítìmùtìmù bá a ní ilé ìdáná, tó di asẹ́ mú lórí abọ́.

“Ọ̀rẹ́ mi, o sọ fún mi nígbà kan pé ìyàwó rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́run.”

“Mo rántí.”

“Ohùn rẹ̀ ti lọ. Ta ló wá kù tó ń bá ọ sọ ọ́?”

Asẹ́ ń kán sínú abọ́, tó, tó. Agbẹnusọ ní, “Ẹnu yìí ni mo fi pa á. Ṣé irú ẹnu yìí ni Ọlọ́run tún fẹ́ gbọ́?”

“Òun gan-an ni. Wò ó, Jésù ní gbogbo èsì lẹ́nu, síbẹ̀ ó dákẹ́ níwájú àwọn tó fẹ̀sùn èké kàn án. Ó gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó gbé e dé orí igi àgbélébùú, kí ẹni tí kò lésì bíi tìrẹ lè rí ẹni gbẹjọ́ rẹ̀ rò. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa pè é.”

Agbẹnusọ kúnlẹ̀ nídìí ààrò. “Olúwa, ìyàwó mi—”

“Rárá o,” ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a dúró. “Má tún dáhùn fún un. Ìwọ ni wọ́n bi.”

Ẹni tó ti parí ìjà gbogbo àdúgbò kò mọ ibi tí ó ti máa bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Olúwa, èmi ni. Agbéraga ni mí. Orúkọ mi ni mo dáàbò bò, mo sì fi ìyàwó mi sílẹ̀ nínú ìrora. Mi ò ní àwáwí. Jésù, gbà mí.”

Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Kò sọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ òótọ́ tó o.

Ó nu ojú, ó gbé abọ́ wọlé tọ ìyàwó rẹ̀. Ó sọ fún un pé òun ti dá Ọlọ́run lóhùn fúnra òun. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà náà ni Agbẹnusọ bi í ní ohun tí ó yẹ kó ti bi í tipẹ́.

“Lọ́jọ́ yẹn, nínú yàrá yẹn, kí lo fẹ́ sọ?”

Ó dẹ etí sí i lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ kan ọrùn, bó ti ṣe lọ́jọ́ náà.

“Ebi ń pa mí.”

Agbẹnusọ fi orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Obìnrin náà fi ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún láìmọye ìgbà nu ojú rẹ̀. Ó ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n kó tó di pé òjò tuntun rọ̀, ó ti sùn nínú Olúwa.

Níbi ìsìnkú, gbogbo wa ń retí kí Agbẹnusọ sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó wò wá. “Ó sọ̀rọ̀,” ó ní, “mi ò gbọ́.” Ó jókòó.

Mi ò ní parọ́ fún ọ: ìdáríjì tó rí gbà kò dá aya rẹ̀ padà fún un. Ẹkún rẹ̀ ò tán. Àmọ́ kò dá nìkan sun ún mọ́, nítorí ó ti mọ Ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ó kan àga tuntun fún yàrá onímọ̀ oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, Onítìmùtìmù sì rán tìmùtìmù sí i. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, fún aláìsàn. Bẹ́ǹṣì ló kàn tẹ̀ lé e, ó sì gbé ìyẹn síta, lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ibẹ̀ ni kí àwa ọkọ máa jókòó sí.

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, bí ẹnì kan bá ń rù nínú ilé rẹ, jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tìrẹ gan-an ni mo bá wá.

Ta lo rán lọ síwájú Ọlọ́run? Ṣé ìyá rẹ tó ń jí gbàdúrà ni, àbí aya rẹ? Yàrá kan ń bẹ tí gbogbo wa yóò wọ̀, àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bó ti wù kí ìyá rẹ fẹ́ràn rẹ tó, orí bẹ́ǹṣì ìta ni yóò jókòó sí. Jésù nìkan ló lè bá ọ wọlé, òun náà kì í sì í bá ẹni tí kò pè é wọlé.

Ó mọ ibi tó ń dùn ọ́. Síbẹ̀ ó ń béèrè, nítorí ohùn rẹ ló fẹ́ gbọ́. Má sọ fún un pé ara le, má sọ fún un pé ò ń jẹun dáadáa, nígbà tí ọkàn rẹ ń kú lọ. Gbé ọwọ́ rẹ sí ibi tó ti há ọ, kí o sọ ọ́ fún un lónìí, nígbà tí ohùn ṣì wà.

Ìwọ ló bi. Dá a lóhùn.