Ẹni Tí Yóò Búra fún Naomi

Ọjọ́ tí Naomi kọ́kọ́ fojú kan Luqman, inú ọkọ̀ ni ọmọkùnrin náà jókòó sí, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń retí ẹni tó fẹ́ wá kọ́ mọ́tò. Iwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àgọ́-Ìwòyè ni, ọkọ̀ Micra àtijọ́ kan tí wọ́n lẹ lẹ́tà L pupa mọ́ níwájú mọ́ lẹ́yìn. Naomi kan gíláàsì.

"Sísí, ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ́ kọ́ mọ́tò dà?" Luqman béèrè.

"Kò sí ẹ̀gbọ́n kankan. Èmi gan-an ni mo fẹ́ kọ́ ọ."

Luqman gbọn èèpo ẹ̀pà nù lára ṣòkòtò rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ìdí síteríǹgì fún un bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn fún olorì. "Ẹ wọlé, dẹ́rẹ́bà wa."

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ kú mọ́ Naomi lọ́wọ́ láàárín títì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọ́ kọjá. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó máa lọ sílé. Luqman ò jágbe mọ́ ọn, kò sì gba síteríǹgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má wo ojú wọn," ó ní. "Ọ̀kadà ni gbogbo wọn máa wọ̀ délé. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ tún un sítáàtì."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó ni Naomi ń gbé, níbi tó ti ń bá wọn ṣe búrẹ́dì. Ìyá kan tó ní iléèwé ní ìlú Awa ti ṣèlérí fún un pé obìnrin lòun fẹ́ kó máa wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ òun, pé bó bá ti lè gba láísẹ́ǹsì, tirẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Kó tó di pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń yí jíà láìwolẹ̀, Luqman ti pa "ẹ̀yin" tì, ó ti ń pè é ní "ìfẹ́ mi." Naomi náà ti ń pe Luqman ní "adé orí mi," bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

Ọjọ́ kan tí wọ́n jọ jókòó sínú ọkọ̀, tí òjò dá wọn dúró, Luqman béèrè àwọn òbí rẹ̀.

"Wọ́n ti kú," Naomi dáhùn. "Omi ló gbé wọn lọ lápá Abigi. Mo ṣì kéré nígbà yẹn."

Omi lé ròrò sójú Luqman. "Ọlọ́run á forí jìn wọ́n. Kí lorúkọ ìyá ẹ, kí n lè máa ṣe àdúà fún wọn tí mo bá kírun tán?"

"Ọmọ́títí."

Orúkọ yẹn nìkan ló jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ. Ọmọ́títí ò kú. Ó wà ní abúlé kan lẹ́yìn Abigi, nínú ọgbà ìjọ Aládùúrà, tó ń gbálẹ̀ ilé àdúrà, tó sì ń yan ẹja. Ìgbà tí orí rẹ̀ dàrú, tó ń rìn kiri ọjà tòun ti oyún tí ẹnikẹ́ni ò mọ baba rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ ló mú un wọlé. Inú ọgbà yẹn ló bí Naomi sí. Àdúrà pẹ̀lú ìtọ́jú ilé ìwòsàn mú ara rẹ̀ yá, àmọ́ ara yíyá ò pa àwọn ọmọdé lẹ́nu mọ́. "Ọmọ wèrè, ọmọ wèrè!" ni wọ́n fi ń kọrin tẹ̀ lé Naomi lọ sódò, tẹ̀ lé e bọ̀. Bó ṣe rí ọmọ ìjọ kan tó ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó báyìí, ló bá a wá. Láti ìgbà náà, ó máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, àmọ́ kò padà débẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dán tán lórí ọkọ̀, Luqman mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní kó mú nọ́ńbà NIN rẹ̀ wá. Kò ní. Wọ́n ní kó lọ forúkọ sílẹ̀. Níbi ìforúkọsílẹ̀, wọ́n ní kó mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Kò ní. Ìwé ẹ̀rí iléèwé ńkọ́? Kò kàwé débi tó ti lè ní in. Káàdì ìdìbò? Kò ní.

"Àbí ẹ ò sí láyé ni?" Obìnrin tó ń forúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ mú ìwé ìbúra wá láti kóòtù. Òbí yín tàbí ẹbí yín tó jù yín lọ ló máa búra pé òun mọ ìgbà tí wọ́n bí yín."

Naomi ò lè gbójú sókè. Luqman dì í lọ́wọ́ mú jáde.

"Kò burú," ó ní. "Lọ́jọ́ Sátidé, a máa lọ sí Abigi. Bí omi bá gbé bàbá àti ìyá lọ, ṣé ó gbé gbogbo ẹbí lọ ni?"

Ẹ̀rù ba Naomi. Láti ọjọ́ náà, tí Luqman bá pè é lórí fóònù, á ní iyẹ̀fun wà lọ́wọ́ òun. Ó ní òun ò ṣe láísẹ́ǹsì mọ́. Ó ní kí Luqman wá ẹlòmíràn fẹ́. Luqman ò gbà. Nígbà tó di Sátidé, ó ti gbé ọkọ̀ dúró síwájú ilé kí Naomi tó jí.

Naomi ló wà á. Wọ́n kọjá Òrù, wọ́n kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n dé oríta J4. Nígbà tó yẹ kó yà sọ́nà Abigi, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa ọkọ̀.

"Luqman, ìyá mi ò kú."

"Kí lo wí?"

"Wọ́n wà láàyè. Wèrè ni wọ́n nígbà tí wọ́n bí mi. N ò mọ bàbá mi, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Ojú ló tì mí. Mo bẹ̀ ọ́."

Ọkọ̀ àjàgbé kan kọjá, ọkọ̀ wọn mì. Luqman yí gíláàsì sókè nítorí eruku.

"Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń ṣe àdúà òkú fún ìyá ẹ," ó ní. "Màámi ṣe sàráà fún wọn. Wọ́n pe àwọn àáfà. Naomi, àwọn àáfà jẹun lórí ẹni tó ṣì ń mí."

Ó ní kó ṣí ipò fún òun. Òun ló wa ọkọ̀ dé abúlé náà, Naomi ń júwe ọ̀nà.

Ọmọ́títí wà lẹ́yìn ilé àdúrà, èéfín ẹja bò ó lójú. Ó ti hewú. Ó kọ́kọ́ na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ sáré, ó tún kó wọn padà nígbà tó rí ọkùnrin tó tẹ̀ lé Naomi. Luqman dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ṣé ẹ̀yin ni ìyá Naomi?"

Obìnrin náà wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó rí ìtìjú tó wà níbẹ̀.

"Rárá o, ọmọ mi," ó rọra sọ. "Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ìjọ. Mo kàn mọ̀ ọ́n ní kékeré ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Naomi ju orin àwọn ọmọdé lọ. Ojú ara rẹ̀ tì í. Òun ló sẹ́ ìyá òun, ìyá náà sì gbà, ó ń bá a sẹ́ ara rẹ̀ kí ọmọ lè níyì lójú àlejò. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú.

"Irọ́ ni. Ìyá mi nìyí. Màmá, ẹ forí jì mí. Mo pa yín nígbà tí ẹ ò tíì kú."

Ọmọ́títí fi ìborùn nu ojú ọmọ rẹ̀. "Dìde. Aṣọ ẹ á dọ̀tí. Ṣé o ti jẹun?"

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n mú Ọmọ́títí lọ sí kóòtù. Luqman ló gbé wọn lọ, ó ní ohun tí òun bá dáwọ́ lé, òun kì í fi sílẹ̀. Akọ̀wé béèrè orúkọ, ó béèrè ibi tí wọ́n ti bí Naomi, Ọmọ́títí ń dáhùn. Ó ní àsìkò ìkórè ìjọ ni, lọ́dún tí omi wọ ilé àdúrà.

"Orúkọ bàbá ọmọ?"

Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ tẹ́tí. Ara Naomi gbóná bí ẹni dúró ti ẹnu ààrò.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni Ọmọ́títí wí. "Orí mi ò pé nígbà náà, wọ́n sì fi ìyẹn rẹ́ mi jẹ. Àmọ́ orí mi pé lọ́jọ́ tí mo bí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ pé. Mo gbọ́ igbe rẹ̀, mo sì mọ̀ pé tèmi ni. Ìyẹn ni mo lè fi búra."

Akọ̀wé ò tún béèrè nǹkan míì. Ó kọ ọ́, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú.

Ìwé náà ṣiṣẹ́. Naomi gba NIN, ó yege ìdánwò, ó gba láísẹ́ǹsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Awa. Àmọ́ kò rí Luqman bá yọ̀. Lẹ́yìn kóòtù, ọmọkùnrin náà ti sọ fún un pé, "Kì í ṣe àìsàn ìyá ẹ ló lé mi sá. Mi ò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ mọ́ ni." Àdíját, ìyá Luqman, tiẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀: "Ẹ̀sìn ò ṣòro, a máa ń fẹ́ra wa ní Ìjẹ̀bú. Àmọ́ ẹni tó sẹ́ ìyá tó bí i, bó bá dọ́la, yóò sẹ́ èmi ìyá ọkọ."

Naomi sunkún títí. Lẹ́yìn náà, ó lọ mú ìyá rẹ̀ kúrò ní Abigi wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó mú un lọ sílé iṣẹ́ búrẹ́dì, ó mú un lọ síwájú ìyá oníléèwé, ó ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé òun parọ́, pé ìyá òun nìyí. Àwọn kan ṣíjú. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín abẹ́nú. Ojú ń tì í, ó sì ń sọ ọ́. Nígbà tó ku ilé kan ṣoṣo, wọ́n jọ lọ kúnlẹ̀ níwájú Àdíját.

"Mo wá bẹ̀bẹ̀ ni," Naomi ní. "Mi ò torí Luqman wá. Ẹ ṣe sàráà fún ìyá mi, ẹ ò sì mọ̀ pé irọ́ ni mo pa fún yín."

Ọmọ́títí ni Àdíját kọjú sí. "Ẹ má bínú, èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ṣé àìsàn yẹn ti lọ?"

"Ó ti lọ, ó ti pẹ́. Mi ò lè búra pé kò ní padà. Àmọ́ mi ò fi oògùn mi ṣeré."

Àdíját mí kanlẹ̀. "Ẹ dìde nílẹ̀. Obìnrin ẹgbẹ́ mi kì í kúnlẹ̀ fún mi." Ó kọjú sí ìyẹ̀wù. "Luqman! Ṣé inú ilé lo ti fẹ́ máa fetí kọ́ ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?"

Luqman jáde. Ó kọjú sí Naomi.

"Mi ò tíì jáwọ́ nínú àdúà yẹn o," ó wí. "Ẹ̀mí gígùn ni mò ń tọrọ fún wọn báyìí."

"Adé orí mi," ni Naomi wí. Níṣojú àwọn ìyá méjèèjì ni, kò sì wo ẹ̀yìn.

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn Iléyá. Èrò ò pọ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́, Naomi gbọ́ obìnrin kan tó ń sọ sí èkejì rẹ̀ létí pé, "Ìyá ìyàwó nìyẹn, èyí tí wọ́n ní orí rẹ̀ dàrú rí." Ojú tún tì í, ó gbóná dé etí. Ó dìde láàárín èrò, ó rìn lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó rọra fara pa mọ́ sí lẹ́yìn, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

"Màmá," ó ní, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, "ọmọ yín ń lọ sílé ọkọ. Ẹ súre fún mi."

Ọmọ́títí gbé ọwọ́ tó ń rùn èéfín ẹja lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súre.